Ikú Adétúsà: Ìgbèjà Ara-ẹni ni tàbí Ìpànìyàn?

Láti ìgbà tí àwọn Òṣèré Orí Olókun ti kọ́kọ́ gbé eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, sórí ìtàgé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, ìbéèrè kan náà ni àwọn olùṣelámèyítọ́ ń bi ara wọn: ṣé àwọn òrìṣà ni ó jẹ̀bi ni, tàbí Ọdẹ́wálé? Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ó fẹjú jù. Kí a tó mọ ẹni tí ó jẹ̀bi, ó yẹ kí a mọ irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀. Ènìyàn kan kú lórí oko iṣu lẹ́bàá Ẹdẹ. Irú ikú wo ni?

Nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ó ti wà ní Nàìjíríà láti 1916, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó pa ènìyàn ni òfin ń fi ojú kan náà wò. Abala 286 gbà pé ẹni tí wọ́n gbé ìjà kò láìjẹ́ pé òun ni ó dá a sílẹ̀, tí ẹ̀rù ikú tàbí ti ọgbẹ́ burúkú sì bà á lọ́nà tí ó bọ́gbọ́n mu, lè lo agbára tí ó lè já sí ikú, bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti gba ara rẹ̀ là. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi. Abala 318 ní tirẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí wọ́n mú bínú gidigidi lójijì, tí ó sì pànìyàn kí ọkàn rẹ̀ tó rọlẹ̀. Òfin kò dá a láre. Ó kàn sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ láti orí ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn, tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, sí ìpànìyàn tí kò tó bẹ́ẹ̀, tí ó lè mú ẹ̀wọ̀n gbére lọ́wọ́. Ẹ̀rù ni ti àkọ́kọ́, ìbínú ni ti èkejì.

Ọdẹ́wálé dé oko rẹ̀, ó bá àwọn tí ń wú iṣu rẹ̀. Arúgbó kan tí ó ṣáájú wọn bá a fa ọ̀rọ̀. Èèbù tẹ̀lé e, wọ́n fi ọfọ̀ dán ara wọn wò, ọkọ́ Ọdẹ́wálé sì ni ó parí ìjà náà. Bí agbẹjọ́rò rẹ̀ bá ní iṣu ni ó ń gbèjà, ẹjọ́ náà kò ní dúró: òfin gbà kí ènìyàn lé olè, kò gbà kí ó torí iṣu pa á. Bí ó bá ní ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó ń gbèjà, ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, nítorí arúgbó náà kò dá wá, ọfọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lórí ìtàgé. Ilé-ẹjọ́ lè má gba ti ọfọ̀. Ní 1954, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ̀ láti ka ìgbàgbọ́ nínú àjẹ́ sí ohun tí ó bọ́gbọ́n mu. Síbẹ̀, bí ẹ̀rí ìgbèjà ara-ẹni bá ti yọjú, agbẹjọ́rò ìjọba ni ó gbọ́dọ̀ já a nírọ́ títí iyèméjì kò fi ní sí.

Ta ni yóò wá já Ọdẹ́wálé nírọ́? Òun ni ó ròyìn ìjà náà fún Alákà ọ̀rẹ́ rẹ̀; ojú rẹ̀ ni òǹwòran fi wò ó. Adétúsà kò sí láyé mọ́ láti sọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọgbọ́n Rótìmí hàn níbí: ẹnu Ọdẹ́wálé náà ni ó fi dá a lẹ́jọ́. Ní ìparí eré, ọba náà jẹ́wọ́ pé ààyè wà fún òun láti dá arúgbó náà sí, àmọ́ pé ó tàbùkù ẹ̀yà òun. Ìjẹ́wọ́ yìí ti ilẹ̀kùn abala 286 pa, nítorí ẹni tí ó ní ààyè àtidáni sí kò lè sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Abala 318 nìkan ni ó kù fún un, adájọ́ yóò sì bi í bóyá èèbù tó ohun tí à ń fi ọkọ́ dá lóhùn. Èyí tí ó tún burú ni pé ẹ̀yà tí ó torí rẹ̀ pànìyàn kì í ṣe tirẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ni ó pa.

Níbí ni eré náà ti yà kúrò lára ìtàn Oedipus. Nínú Oedipus at Colonus, Sophocles jẹ́ kí Oedipus rojọ́ pé ẹ̀mí òun ni òun gbà là. Rótìmí kò fún Ọdẹ́wálé ní àwíjàre yẹn. Èèbù ẹ̀yà ni ó fi rọ́pò ẹ̀rù ikú. Ogun Abẹ́lé (1967–1970) ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ ti wọ Enugu ní oṣù kẹwàá 1967. Ẹni tí ó bá ka eré yìí ní àdúgbò Maryland ní Enugu àti ẹni tí ó bá kà á ní Ẹdẹ yóò rántí pé kò sí ẹ̀yà tí í gbé ohun ìjà tí kì í sọ pé ara òun ni òun ń gbèjà. Eré náà kò pè wọ́n ní òpùrọ́. Ó ní kí wọ́n wádìí ara wọn bóyá ẹ̀rù ni tàbí ìbínú.

Àléébù kan wà níbẹ̀. Ìjẹ́wọ́ náà pẹ́ kí ó tó dé: òǹwòran ti gba ẹjọ́ Ọdẹ́wálé gbọ́ lórí oko, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ni wọ́n sì fi yí i padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò bá kọ àròkọ lórí eré yìí yóò ṣe dáadáa bí ó bá fi ìran oko àti ìjẹ́wọ́ náà wé ara wọn, kí ó tó dá òrìṣà tàbí ènìyàn lẹ́bi.