Ta Ni Ó Rú Ẹbọ Náà? Ikú Ìrúbọ Nínú Ìtàn Ìrè, Ìtàn Mọremí àti Ìyìn Rere

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ ikú Jésù lórí igi àgbélébùú jẹ́ ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò lè ṣàì bá pàdé. Bí kò bá pàdé rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì, yóò pàdé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn àròsọ, nínú eré onítàn, àti nínú orúkọ tí àwọn òbí ń sọ ọmọ. Ní apá àríwá Èkìtì, ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, ọmọ tí ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àjíǹde lè wo ọdún Ògún ní Ìrè kí ọdún náà tó parí. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé olùdánwò a máa kọ ọ́ sílẹ̀ wéré pé ohun kan náà ni ẹbọ ìbílẹ̀ àti ikú Jésù. Òmíràn a sì kọ ọ́ pé kò sí ohun tí ó pa àwọn méjèèjì pọ̀ rárá. Ìdáhùn méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó. Èdè kan náà ni a fi sọ àwọn ìtàn wọ̀nyí. Ẹni tí ó rú ẹbọ àti ẹni tí ó san owó rẹ̀ ni wọ́n fi yàtọ̀.

Àwọn Ọ̀rọ̀ Inú Bíbélì

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, wọn kò dá ọ̀rọ̀ titun sílẹ̀ fún ẹbọ. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, odidi Bíbélì sì jáde ní 1884. Nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu àwọn babaláwo àti abọrẹ̀ ni a lò. A kì í rú ẹbọ láìsí ìdí. A kì í ṣe ètùtù bí nǹkan kò bá gbóná, nítorí pé inú 'tutù' ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ẹni tí ó bá ka ètùtù nínú orí kẹta Ìwé Róòmù ti mọ̀, kí oníwàásù tó la ẹnu, pé nǹkan kan ti gbóná láàárín Ọlọ́run àti ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn yẹ fún àkíyèsí, èyíinì ni ìdáǹdè àti ìràpadà. Ìdáǹdè ni kí a tú ènìyàn sílẹ̀ nínú ìdè. Kò pọn dandan kí owó wọ̀ ọ́. Ìràpadà kò ṣe é ṣe láìsí owó. Crowther fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun ojú omi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ìdáǹdè ni ti rẹ̀, kì í ṣe ìràpadà.

Fún ará Èkìtì tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọn kì í ṣe àfiwé lásán. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. A fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ogun kò tú ká títí di 1893. Kí ogun náà tó dé ni a ti ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì lẹ́rú. Ìdílé tí ó bá fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ ní láti wá owó lọ bá ẹni tí ó rà á. J. F. Adé Àjàyí, onímọ̀ ìtàn tí a bí ní Ìkọ̀lé ní 1929, tí ó sì kú ní 2014, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì, tí ó jáde ní 1965, pé àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú kó ipa pàtàkì nínú títan ẹ̀sìn náà kálẹ̀. Àwọn tí ń wàásù ìdáǹdè jẹ́ ẹni tí ìdè ti mú rí.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá kò fi ojú kan wo ikú yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ìjọ ìgbà àtijọ́ fi í wé owó ìràpadà; Anselm, tí ó parí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1098, fi í wé sísan ohun tí ènìyàn jẹ Ọlọ́run nítorí àbùkù tí ẹ̀ṣẹ̀ fi kan ọlá Rẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá lè fi èyí yé akẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe ètùtù, ìbáà ṣe ìràpadà tàbí ìlàjà, ibi kan ni ó tànmọ́lẹ̀ sí.

Ìbéèrè mẹ́rin ni ó lè tú ìtàn ikú ìrúbọ palẹ̀: Ta ni ó rú u? Ta ni a rú u fún? Kí ni a fi rú u? Ẹ̀ẹ̀melòó ni a rú u?

Ìtàn Ìrè

Ìtàn Ògún ní Ìrè kì í ṣe àjèjì ní agbègbè Ọ̀yẹ́. Ògún ti ojú ogun dé, ó bá àwọn ará ìlú níbi àpéjọ tí a kò gbọdọ̀ ti sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó kí i. Ó wo agbè ẹmu, gbogbo wọn ṣófo. Ó rò pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó fa idà yọ, ó sì pa wọ́n. Nígbà tí ó mọ òtítọ́, ẹ̀dùn ọkàn mú un, ó sì wọ ilẹ̀ lọ, lẹ́yìn tí ó ṣèlérí pé òun yóò dáhùn bí wọ́n bá ké pe òun nígbà ìpọ́njú.

Nínú ìtàn yìí, àwọn aláìṣẹ̀ ni ó kú, òrìṣà ni ó ṣẹ̀. Ajá, ẹmu àti ẹ̀sun iṣu tí a ń fi bọ Ògún ń ti ọwọ́ ènìyàn lọ sí ọ̀dọ̀ òrìṣà kí ara rẹ̀ lè tutù. Ọdọọdún ni a sì ń ṣe é. Kò yẹ kí olùdánwò fi ojú tín-ín-rín ìtàn náà. Òrìṣà tí ó lè kábàámọ̀ kì í ṣe ohun kékeré nínú lítíréṣọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí ìbínú kò tíì di ti àtijọ́.

Ìtàn Mọremí

Ìtàn Mọremí ní Ilé-Ifẹ̀ ni ó sún mọ́ Ìyìn Rere jù, òun náà ni ó sì ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù. Ọ̀gá eléré nì, Dúró Ládiípọ̀, fi ọwọ́ kan ìtàn méjèèjì. Ó kọ eré Mọremí. Ṣáájú èyí, ní 1961, ó ti kọ orin ọdún Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òṣogbo. Ìlù ìbílẹ̀ tí ó lò nínú rẹ̀ fa àríyànjiyàn nínú ìjọ. Ìbéèrè tí ó wà nídìí àríyànjiyàn náà ni èyí: ṣé ìlù òrìṣà lè gbé ikú Jésù láìyí i padà?

Mọremí jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn pé òun yóò san ohunkóhun tí ó bá béèrè bí òun bá lè tú àṣírí àwọn Ùgbò tí ń kó ìlú. Ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó mọ àṣírí wọn, ó sì padà gba ìlú là. Nígbà tí ó fẹ́ san ẹ̀jẹ́, odò kọ àgbò, ó kọ gbogbo ẹran, ó béèrè Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹni tí ó bá fi èyí wé ìtàn Ábúráhámù lórí òkè Moráyà yóò rí ohun ìyanu. Ní Moráyà, a dá ọmọ dúró, àgbò sì dípò rẹ̀. Ní Ẹsìnmìrìn, a kọ àgbò, ọmọ sì dípò rẹ̀. Jẹ́fútà, tí ẹ̀jẹ́ rẹ̀ gba ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ni Mọremí jọ. Kò jọ Màríà, tí kò jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ fún ẹnikẹ́ni.

Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ó ròyìn níbẹ̀ pé Olúorogbo sọjí, pé ó gba okùn gòkè re ọ̀run, àti pé wọ́n ń retí ìpadàbọ̀ rẹ̀. Lámèyítọ́ tòótọ́ yóò béèrè bóyá bí wọ́n ti pa ìtàn náà nìyẹn, tàbí bóyá etí onígbàgbọ́ ni Johnson fi gbọ́ ọ. Ìwé rẹ̀ nìkan kò tó láti fi dájọ́.

Ìjọra wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ẹ̀ẹ̀kan ni a fi í rúbọ, tí a sì ń rántí rẹ̀ nínú ọdún Èdì. Àwọn ará Ifẹ̀ sì di ọmọ Mọremí, bí àwọn onígbàgbọ́ ti ń pe ara wọn ní ará. Ṣùgbọ́n ìyá ni ó rú ẹbọ, odò ni ó gbà á, kò sì sí ẹni tí ó bi ọmọ léèrè.

Gọ́lgọ́tà àti Ìyè Titun

Nínú Ìyìn Rere, ìdáhùn ìbéèrè kìíní ni ó yí gbogbo rẹ̀ padà. Ọlọ́run tí a ṣẹ̀ ni ó pèsè ètùtù. Ọmọ tí a fi rúbọ sọ pé òun fúnra òun ni ó fi ẹ̀mí òun lélẹ̀. Ìwé Hébérù sì tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, kò tún sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ìrè, òrìṣà pa ènìyàn. Ní Ifẹ̀, ènìyàn fi ọmọ fún òrìṣà. Ní Gọ́lgọ́tà, Ọlọ́run fi ara rẹ̀ fún ènìyàn. Ògún wọ ilẹ̀ láàyè, kò sì jáde mọ́. Jésù wọ ilẹ̀ ní òkú, ó sì jáde láàyè.

Ibẹ̀ ni àtúnbí ti wá, kò sì yẹ kí a pa á pọ̀ mọ́ àtúnwá. Babátúndé àti Yétúndé jẹ́ orúkọ àtúnwá: òkú ni ó padà wá sí ilé rẹ̀ nínú ọmọ titun. Alààyè ni a ń tún bí nínú Ìyìn Rere, nígbà tí ìyá tí ó bí i lè ṣì wà láàyè. Ohun tí ó rú Nikodémù lójú gan-an nìyẹn.

Ìkádìí

Olùdánwò tí ìbéèrè bá sọ pé kí ó fi ìtàn Mọremí wé ti Jésù kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdájọ́ lórí ẹ̀sìn. Kí ó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin náà fún ìtàn kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti jọra kí ó tó sọ ibi tí wọ́n ti pínyà. Olùkọ́ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ Ọ̀yẹ́ tàbí ọmọ Ìkọ̀lé rò pé òun ní láti gbàgbé Ìrè kí òun tó lè lóye Gọ́lgọ́tà. Bí kò bá mọ ohun tí ẹbọ ń náni, kò lè mọ ìtumọ̀ ìròyìn pé ẹlòmíràn ti rú u fún un.