Kóńgò Kan Kò Lè Wọn Gbogbo Ọjà

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òwe yìí ni ó yẹ kí àwọn alákòóso ilé-ìkàwé yunifásítì fi sọ́kàn, nítorí pé owó ìwé àtìgbàdégbà ń ga sí i lọ́dọọdún. Ẹkún wọn kì í ṣe ẹkún irọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Yunifásítì Harvard, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọlọ́rọ̀, ké gbàjarè pé owó tí òun ń san fún àwọn òǹtẹ̀wé ńlá kan fẹ́ tó 3,750,000 dọ́là lọ́dún, àti pé òmíràn wà nínú ìwé wọ̀nyí tí owó rẹ̀ tó 40,000 dọ́là. Ní oṣù kejì ọdún 2019, Yunifásítì California, tí ó ní ọgbà mẹ́wàá, kọ̀ láti tún àdéhùn ṣe pẹ̀lú Elsevier. Oṣù kẹta ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ wọn tó wọ̀. Bí olówó bá ń ké pé ọjà wọ́n, kí ni kí tálákà wí?

Nígbà tí owó kò tó, dandan ni kí a yan èyí tí a óò dá dúró. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ rọrùn púpọ̀: a ó mú owó tí a san lórí ìwé kan lọ́dún, a ó fi iye ìgbà tí àwọn òǹkàwé wa ṣí àpilẹ̀kọ inú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà pín in. Ká ní ìwé kan gba 40,000 dọ́là, tí a sì ṣí i ní ìgbà 20,000. Dọ́là méjì péré ni ìlò kọ̀ọ̀kan ná wa. Ká ní òmíràn gba 300 dọ́là, tí a sì ṣí i ní ìgbà 15. Ogún dọ́là ni tirẹ̀. Ìṣirò ti dájọ́: ìwé olówó gọbọi di ọ̀pọ̀, ìwé olówó pọ́ọ́kú di ọ̀wọ́n.

N kò bá ìṣirò jà. Ó sàn ju kí a máa di ojú sanwó lọ. Irú rẹ̀ ni ó ran State University of New York lọ́wọ́ ní ọdún 2020 láti jáwọ́ nínú àdìpọ̀ ńlá Elsevier, tí wọ́n sì yan nǹkan bí 250 ìwé dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ mẹ́ta ni mo ní pẹ̀lú ẹni tí ó bá sọ ọ́ di adájọ́ kan ṣoṣo.

Èkíní, kíkà náà kò dúró sójú kan. COUNTER ni ètò tí ó fi ìlànà lélẹ̀ fún kíka ìlò. Lábẹ́ ìlànà rẹ̀ àtijọ́, ẹni tí ó ka àpilẹ̀kọ kan lórí kọ̀ǹpútà, tí ó sì tún gbà á sílẹ̀, lè di ìlò méjì. Ìgbà tí àtúnṣe karùn-ún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019 ni òǹkà tí ń kà á sí ẹyọ kan tó wọ inú rẹ̀.

Èkejì, ṣíṣí kì í ṣe kíkà. Kíláàsì ńlá kan lè ṣí àpilẹ̀kọ kan náà ní ìgbà 300 láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìdánwò. Onímọ̀ kan sì lè ṣí òmíràn lẹ́ẹ̀kan, kí ó fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìṣirò ń ka àwọn tí ó wọ ọjà, kò mọ ohun tí wọ́n rù délé.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù. Àwọn oníṣègùn pọ̀ bí eéṣú. Àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì Amẹ́ríkà kò pọ̀. Bí a bá fi òǹkà àwọn oníṣègùn wọn Research in African Literatures, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Texas ní 1970, kò ní ju bíńtín lọ. Òṣùwọ̀n Eugene Garfield náà kò gbà wá: iye ìgbà tí a tọ́ka lọ́dún kan sí àpilẹ̀kọ ọdún méjì tí ó ṣáájú ni ó ń kà. Iṣẹ́ lórí oríkì tàbí Ifá kì í gbó láàárín ọdún méjì. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ṣì ń padà sí Odù, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ sì jẹ́ kí a wo èrè ibẹ̀. Bí a bá dá ọgọ́rùn-ún ìwé olówó 300 dọ́là dúró, 30,000 dọ́là ni a óò rí; kò tó owó ìwé olówó 40,000 kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni kí a fi òǹkà tirẹ̀ wọ̀n. Kí a wádìí bóyá àpilẹ̀kọ náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ níbòmíràn, tàbí bóyá a lè yá a láti ilé-ìkàwé mìíràn kíákíá. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a bi olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ilé-ìkàwé bá fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí yín, ẹ má jù ú nù. Ẹni tí ó bá dákẹ́, ìṣirò ni yóò bá a sọ̀rọ̀.