Ọ̀gbẹ̀rì àti Ọmọ Awo: Àyẹ̀wò Àpilẹ̀kọ Rusty Russell lórí Virtio

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni àpilẹ̀kọ tí Rusty Russell gbé jáde ní ọdún 2008 lórí virtio, èyí tí í ṣe ìlànà tí kọ̀ǹpútà tí a fi ètò dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn ń lò láti bá ayé òde sọ̀rọ̀. A ó máa pe kọ̀ǹpútà tí ó gba èkejì sínú ní onílé, a ó sì máa pe èyí tí a gbà sínú ní àlejò. Àwọn oníṣẹ́ náà fúnra wọn ni wọ́n ní àfiwé yìí. A kàn yá a lò ni.

Àlejò kò ní káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a lè fi ọwọ́ kàn. Onílé ni ó ń díbọ́n fún un. Nínú QEMU, ó lè díbọ́n bí RTL8139 ti Realtek tàbí e1000 ti Intel; nínú VirtualBox, ó lè díbọ́n bí PCnet ti AMD. Àlejò gbà pé irin gidi ni. Ní gbogbo ìgbà tí dráífà rẹ̀ bá pàṣẹ fún káàdì yìí, àlejò ní láti dúró kí onílé lè ṣe bí ẹ̀rọ náà ì bá ti ṣe. Ìdúró lemọ́lemọ́ yìí ni ó ń jẹ àkókò. Kódà ìyára tí káàdì ń kéde, aṣọ lásán ni: RTL8139 yóò sọ pé mẹ́gábíìtì 100 ni òun ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí wáyà kankan tí yóò dá a dúró síbẹ̀.

Bí a bá fi ojú eégún wo ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀gbẹ̀rì ni àlejò tí ń lo e1000. Ará ọ̀run ni ó rí. Ohun tí Russell dá lábàá ni pé kí a mú àlejò wọ awo. Dráífà virtio mọ̀ pé kò sí irin lábẹ́ aṣọ. Ó ń to ẹrù rẹ̀ sínú òrùka kan nínú mẹ́mórì tí òun àti onílé jọ ń lò, ó sì lè to púpọ̀ kí ó tó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Russell ka irú ètò bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ, ó kéré tán, tí Linux ń gbà láyè nígbà náà. Xen, KVM àti lguest tí òun fúnra rẹ̀ kọ wà lára wọn. Pé kí oníkálùkù má ṣe máa kọ dráífà tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni agbára àpilẹ̀kọ náà wà. (A yọ lguest kúrò nínú Linux ní ọdún 2017, virtio wà níbẹ̀ síbẹ̀.)

Àwọn tí ń tẹ̀lé e ni a kò bá rìn délẹ̀, àwọn tí ń sọ pé virtio nìkan ni kí a máa yàn. Linux ni Russell fi ṣe ibùdó. Windows kò bá dráífà virtio wáyé. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ́ kan tí ń fi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí ní Baruwa, tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ra détà. Bí ó bá yan virtio fún Windows, àlejò yóò jí láìní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí yóò fi wá dráífà náà. Onílé ni yóò bá a gbé e wálẹ̀, ẹrù náà sì tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mẹ́gábáìtì. Lójú tiwa, e1000 ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Windows XP, PCnet yóò ṣiṣẹ́ fún un nínú VirtualBox, ṣùgbọ́n láti orí Vista ni Microsoft kò ti fi dráífà PCnet sínú Windows mọ́.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, Sergey Zelenyuk tú àṣírí àléébù kan nínú e1000 ti VirtualBox, èyí tí ẹni tí ó bá ti gba àkóso àlejò lè gbà jáde sórí onílé. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a yí káàdì padà sí PCnet tàbí virtio títí àtúnṣe yóò fi dé. Ìdíbọ́n tí ó pẹ́ jù di ibi ìsádi. Kì í sì í ṣe pé ibi ìsádi náà mọ́ láéláé: a ti rí àléébù nínú PCnet ti QEMU ní ọdún 2015, a sì rí i nínú virtio-net ti QEMU kan náà ní ọdún 2021.