Aago Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bi

Alájọ tó ń gbowó lọ́wọ́ ìyá mi nígbà tí mo wà ní kékeré kì í pa àmì rẹ́ lórí káàdì. Ọjọ́ kan, àmì kan, títí oṣù á fi parí. Bí mo bá ń fi InfluxDB tàbí Prometheus sórí server fún àwọn ilé-iṣẹ́ wa ní Ọgbà, láti Acme Road dé WEMPCO Road, káàdì yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Bí yàrá yìnyín ṣe tutù tó, bí epo dísẹ́ẹ̀lì ṣe kù sí nínú táǹkì, iná tó ń wọlé: gbogbo rẹ̀ ni database yìí ń kọ sílẹ̀, kálukú pẹ̀lú àkókò tí a wọ̀n ọ́n. Èyí tó ti wọlé ti wọlé. Tuntun la ń fi kún un.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́. Lórí Debian, màá ya dísíìkì ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún dátà, màá fi `chown` fa /var/lib/influxdb lé influxdb lọ́wọ́ kó má baà jẹ́ ti root, màá wá fi `systemctl enable` sọ fún un pé ìgbàkígbà tí iná bá dé ni kó dìde fúnra rẹ̀. Mo sì máa ń béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí dátà pẹ́ tó. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan fún Prometheus, ọjọ́ 15 péré ló ń tọ́jú. Ọ̀gá tó bá fẹ́ fi epo ọdún yìí wé ti èṣí á wá a tì ni.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ní 2015, àwọn ẹnjiníà Facebook kọ nípa iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Gorilla. Àkókò kan àti iye kan máa ń gba báìtì 16. Wọ́n fún un pọ̀ títí ó fi di 1.37 ní ìpíndọ́gba. Bí ìwọ̀n bá ń dé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, kí la tún ń ka aago sí? "Bíi ti tẹ́lẹ̀" ti tó. Prometheus náà mú lára ọgbọ́n yìí. Bí NEPA bá sì mú iná lójijì, kí database tó to nǹkan sáàyè ló ti sáré kọ ọ́ sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní WAL; tó bá jí, ibẹ̀ ló ti máa kà á padà.

Aago ni kò lè bá ẹnikẹ́ni tún ṣe.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú ẹja pè mí. Raspberry Pi 4 ni mo gbé síbẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí kò ní bátìrì aago. Bí iná bá lọ, aago tó fi pamọ́ sínú fáìlì gbẹ̀yìn ló máa ń gbé jáde tó bá jí, àfi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá tọ́ ọ sọ́nà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ ní aago márùn-ún, kò sẹ́ni tó tan jẹnẹrétọ̀ títí di aago méje. Ẹ̀rọ náà jí, ó rò pé aago márùn-ún ṣì ni, ó sì ń kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́sàn-án kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ló bá fò láti méje bọ́ sí mẹ́sàn-án. Lórí àwòrán tí mo tẹ̀ fún wọn, wákàtí méjì tó ṣófo bọ́ sí àsìkò Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́.

"Ọmọ mi, bí mo ṣe dé ní aago méje ni mo tan jẹnẹrétọ̀." Wọ́n fi ìwé epo tí wọ́n fi bíírò kọ hàn mí. Àwòrán mi ni mo gbà gbọ́. Ọ̀gá ní àwọn á gé owó wọn. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ pé aago fò. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, mo sì bẹ ọ̀gá kí owó wọn pé.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó tẹ àṣẹ kankan, aago ni mo ń tún ṣe: DS3231, aago kékeré tó ní bátìrì pẹlẹbẹ tirẹ̀, lẹ́yìn náà chrony tó ń tọ́ aago sọ́nà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí server sì wà lórí UTC, tí aago Èkó fi wákàtí kan ṣáájú láti January dé December. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín: ẹ yọ iná lára ẹ̀rọ náà, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tan án láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ `date`. Bí kò bá mọ aago tó lù, ẹ má tíì gbé database sí i.