FÓÒNÙ NI ALÁRINÀ: Èrò wa lórí fíìmù Phone Swap

Ẹni tó bá ti ń ka ìwé ìrántí ẹgbẹ́ wa bọ̀ mọ̀ pé ojú abala fíìmù yìí le díẹ̀. Ṣaworoidẹ, Ó Le Kú, Agogo Èèwọ̀, àwọn iṣẹ́ tí Túndé Kèlání àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá jọ ṣe, irú wọn ni a máa ń gbé yẹ̀wò níbí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Owerri ni a ń gbé. Àwọn ọmọ wa ń bá ẹgbẹ́ wọn ṣeré ní èdè Ìgbò, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, Yorùbá tí wọ́n ń gbọ́ kò sì ju ti ẹnu bàbá àti ìyá wọn lọ. Fíìmù tó bá máa gba àyè nínú ìwé yìí, a fẹ́ kó bá wa ṣe iṣẹ́ díẹ̀: kó fún ọmọ ní òwe kan, oríkì kan, orin kan tí yóò gbé dání.

Ìdí nìyí tí a fi fajú ro nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ní Phone Swap ni àwọn fẹ́ kí gbogbo wa jọ wò lẹ́yìn ìpàdé ìparí ọdún. Orúkọ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì. Eré ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín sì ni, irú èyí tí ọkùnrin àti obìnrin yóò fi bí wákàtí kan àti àbọ̀ bá ara wọn jà kí wọ́n tó di ara wọn mú. Ó tún wá jẹ́ pé lórí fóònù ni gbogbo rẹ̀ dá lé, a sì ti rí fíìmù tó jẹ́ ìpolówó ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. A béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni eré yìí wà fún, ṣé àwa ni àbí àwọn tó ń ta fóònù? Èsì wọn ni pé kí àwọn àgbà kọ́kọ́ wò ó tán ná. A jókòó, a ká apá mọ́ra.

Ọdún 2012 ni fíìmù náà jáde. Kúnlé Afọláyan ló darí rẹ̀, Kẹ́mi Adéṣọyè ló kọ ìtàn rẹ̀, àwọn méjèèjì yìí náà ló wà nídìí Araromire, tí wọ́n tún ń pè ní The Figurine, ní 2009. Àwọn àgbà wa mọ ilé tí Kúnlé ti jáde. Bàbá rẹ̀ ni Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, ọmọ Agbamu ní ìpínlẹ̀ Kwara, tó bá Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, tó sì tún gbé Kádàrá jáde lẹ́yìn rẹ̀. Adé Love ti kú láti 1996. Ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ti rí ọmọ ẹkùn tó ń dún bí ológbò, nítorí náà orúkọ bàbá nìkan kò tó láti tú apá wa.

Ìtàn náà kò díjú. Akin Cole, ọmọ Yorùbá tó rí jájẹ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan l'Ékòó, fẹ́ lọ sí Àbújá fún ìpàdé àwọn ọ̀gá, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn kí wọ́n lè gbé e sókè. (Orúkọ Cole yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Àwọn Sàró tó padà láti Sierra Leone ló kó irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wọ Èkó, ẹni tó kọ ìtàn náà sì mọ irú ilé tí ó ń tọ́ka sí.) Mary, aránṣọ, ọmọ Ìgbò, fẹ́ lọ sílé ní ìhà Owerri níhìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin ti di ti gbogbo ẹbí. Àwọn méjèèjì kọlu ara wọn ní pápákọ̀ òfurufú l'Ékòó. Fóònù wọn bára mu, oníkálukú sì mú ti ẹnìkejì lọ. Nípa iṣẹ́ tí wọ́n rí gbà lórí fóònù tí kì í ṣe tiwọn, Akin bá ara rẹ̀ ní Owerri, Mary bá ara rẹ̀ ní Àbújá. Kò sí àyè àtipadà. Ni wọ́n bá ṣe àdéhùn: ìwọ bá mi jẹ́ iṣẹ́ tèmi níbẹ̀, èmi náà á bá ọ jẹ́ tìrẹ níbí.

BlackBerry ni fóònù ọ̀hún. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan béèrè kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ní láti ṣàlàyé pé àsìkò kan wà tí ẹni tí kò ní in kì í fẹ́ yọ tirẹ̀ jáde láàárín ọ̀rẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí àwọn fóònù rẹ̀ àtijọ́. Fóònù tí a rò pé wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe fíìmù ti kú, fíìmù ṣì ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ̀sùn wa àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fì.

Ohun tó wá tú apá tí a ká mọ́ra ni pé a ń retí kí ọkùnrin àti obìnrin yìí pàdé, wọn kò pàdé. Lẹ́yìn ìkọlura yẹn, ọ̀nà wọn pín. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú eré náà, ìlú ọ̀tọ̀ ni Akin wà, ìlú ọ̀tọ̀ ni Mary wà, ohùn nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Kò sí ìdìmọ́ra tí ìyá yóò fi bo ojú ọmọ. Nínú eré ìfẹ́ tí a ti wò sẹ́yìn, ojú ló máa ń kọ́kọ́ rí, ọkàn á tẹ̀ lé e, ẹbí á wá dé nígbẹ̀yìn bí ẹni tó wá da omi sí iná. Níbí, ẹbí ló ṣáájú. Akin ti jókòó nínú ilé bàbá Mary, ó ti gbọ́ ohun tó ń dun ilé náà, kí ó tó mọ̀ pé ọmọ ilé náà wu òun. Mary ti wà lọ́dọ̀ ìyá Akin, ó ti rí ibi tí ọgbẹ́ ilé wọn wà, kí ọkàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí Akin.

Àwọn tó kọ́ àṣà ìgbéyàwó ní ilé ìwé rántí bí ó ṣe tò: ìfojúsóde, ìwádìí, alárinà, ìṣíhùn, ìtọrọ, ìdána, kí ó tó kan ìgbéyàwó. Ìwádìí ni àwọn àgbà kì í fi ṣeré. Wọ́n á ránṣẹ́, wọ́n á bi ará àdúgbò, wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá ìdílé náà ń jà, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá àìsàn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, bóyá wọ́n mọ àlejò ṣe. Lóde òní, ọmọ á kàn mú ẹnìkan wálé, á ní òun ti rí i. Kúnlé Afọláyan àti Kẹ́mi Adéṣọyè wá gba ẹ̀yìn yọ sí wa: wọ́n mú ohun ìgbàlódé jù lọ tó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ ní 2012, wọ́n fi ṣe alárinà, wọ́n sì rán ọkùnrin àti obìnrin lọ ṣe ìwádìí ara wọn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé ìwádìí ni wọ́n ń ṣe. Àwọn àgbà a máa ní bí ọmọge bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀ba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fóònù náà ṣe. Fíìmù tí a sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè délẹ̀, egungun Yorùbá ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ ẹ́ gbádùn Wale Ojo nínú ipò Akin. Ọ̀gá tó ń pàṣẹ ni, kò fẹ́ kí ìdọ̀tí kan án, kò sì ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni tí kò bá sáré bí ó ṣe fẹ́. Ìrìn rẹ̀ nígbà tó dé ilẹ̀ Ìgbò, bí ẹni tó ń tẹ ẹyin, ni ìgbà tí ilé kọ́kọ́ hó. Àwa gan-an ni à ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Àlejò lójú ganran-ganran, kò fi ríran: èwo nínú wa ni kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé Owerri? Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa sọ pé ọdún méjì gbáko ni òun fi ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń gbé obì kiri láìmọ̀ pé obì àbàtà tí a fi ń ṣe ìdána nílé wa náà ni wọ́n ń pè ní ọjì Ìgbò, tí wọ́n ń gbàdúrà lé lórí kí wọ́n tó là á. Obì kan náà, ọ̀nà méjì.

Nse Ikpe-Etim ló ṣe Mary. Ọmọ Akwa Ibom ni, kì í ṣe ọmọ Ìgbò, ṣùgbọ́n ó wọ ara rẹ̀. Ó rọra, kò pariwo, ó sì jẹ́ kí a rí ọgbọ́n ẹni tí ọ̀gá ti fojú tẹ́ḿbẹ́lú pẹ́. Jókẹ̀ẹ́ Silva, ìyá Akin, ló ba tiwa jẹ́ pátápátá. Àárín ìyá yìí àti ọmọ rẹ̀ kò gún, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ sì máa ń ní ohun mìíràn lábẹ́. Nígbà tí ó ń bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ tó yẹ kó bá ọmọ tirẹ̀ sọ, ilé dákẹ́, àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà l'Ékòó àti l'Àbújá tí kì í pè wọ́n bí kò ṣe nígbà ọdún Kérésì kò rín mọ́.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé bàbá Mary. Chika Okpala ni, ẹni tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí Chief Zebrudaya nínú The New Masquerade lórí NTA. Kò tíì la ẹnu tí àwọn àgbà ti ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ sì ń wo ojú wa pé kí ló dé. A rántí ìgbà tí ilé Yorùbá ní Ìbàdàn, ní Iléṣà, ní Kánò ń pa iṣẹ́ tì láti wo ọkùnrin Ìgbò yìí, tí kò sí ẹni tó béèrè ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ada Ameh náà wà nínú eré yìí. Ó kú ní oṣù Keje 2022, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Ní ti Hafeez Oyètórò, tí a mọ̀ sí Ṣaka, ẹ wá wò ó fúnra yín. Àfi kí a fi kún un pé ní 2013, ọdún kan lẹ́yìn eré fóònù yìí, ìpolówó fóònù náà ló tún sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí ọmọdé ń pè kiri.

Kì í ṣe pé a ti wá di agbẹnusọ fún wọn. Àwọn ọ̀tá tí wọ́n fi sí ọ̀nà Akin níbi iṣẹ́ fẹ́lẹ́ bí bébà, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, tí Lydia Forson ará Ghana ṣe, kò sì rí ju ìwà burúkú kan ṣoṣo gbé jó. Òṣèré náà tọ́ sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ibì kan wà tí ẹ̀rín tí wọ́n fi abúlé rín dùn mọ́ ará Èkó ju ará abúlé lọ, àwọn àna wa tó wà níjókòó sì rín díẹ̀, wọ́n sì dẹ́kun. Yorùbá inú rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́ ọmọ ní èdè, kó padà sí Ó Le Kú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí Ó Le Kú kò lè bá wa sọ. Ní 2023, nígbà ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, èébú tí Yorùbá àti Ìgbò ń bú ara wọn kò mọ sí Èkó. Orí fóònù ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ẹgbẹ́ yìí, a ní ilé tí bàbá jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, tí ìyá jẹ́ ọmọ Mbaise. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ tó bá ṣí fóònù rẹ̀, èyí tó wù kó kà, ìdajì ara rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Àwọn òbí mìíràn sì wà láàárín wa tí ọmọ wọn ti mú àfẹ́sọ́nà Ìgbò wálé láti ọdún náà, tí wọn kò tíì dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé àna tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀, báwo ni a ó ṣe bá a jà tí a ó sì bá a parí rẹ̀?

Phone Swap kò dá ìbéèrè yẹn lóhùn pẹ̀lú ìwàásù. Ó kàn gbé ọmọ Yorùbá kan sí àárín ẹbí Ìgbò tó ń jà, ó ní kó bá wọn parí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí a rí i pé ìjà ilé ọkọ ní ilẹ̀ Ìgbò kò yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ wa: owó, ìgbéraga, ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ tí kò yẹ kó sọ, àgbà kan tó fẹ́ kí a bẹ òun. Lẹ́yìn tí iná tàn, nǹkan bí wákàtí kan ni a fi jókòó tí a ń sọ̀rọ̀, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ṣaworoidẹ. Ìyá kan fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá Akin mọ ọ̀nà Owerri, nítorí pé fíìmù náà kò bá wọn dé ibi ìtọrọ. Níbẹ̀ gan-an ni a rò pé àwọn tó ṣe é sá fún iṣẹ́. Ẹni tó bá ti rí ìwé ẹrù ìyàwó ti Mbaise rí mọ̀ pé eré apanilẹ́rìn-ín mìíràn wà nínú ìyẹn nìkan, tí ó lè gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Fọ́nrán náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé àwọn ọ̀dọ́. Ilé mẹ́ta ló ti yá a láti ìgbà náà, méjì nínú wọn jẹ́ ilé àwọn tó fajú ro jù. Ẹni tó bá kàn, kó jọ̀wọ́ dá a padà kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé.