Eré Àwàdà Gẹ̀ẹ́sì Kan ní Ilẹ̀ Jámánì

Ó ti di àṣà láàrin àwa olùkọ́ èdè láti máa yẹ eré-oníṣe wò bí ẹni pé ìtàn àròsọ ni. A ó tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ palẹ̀, a ó ka òwe àti àfiwé ibẹ̀, a ó sì fi ẹsẹ̀ òṣèré sílẹ̀ láìwò. Eré àwàdà Gẹ̀ẹ́sì kan, Dinner for One, tí ó gbajúmọ̀ ní Jámánì ju ilé rẹ̀ lọ, ni a fẹ́ fi yẹ àṣà yìí wò.

Lauri Wylie ni ó kọ eré náà. Ìtàn inú rẹ̀ kò ju bíńtín lọ. Miss Sophie ń ṣe ọjọ́-ìbí àádọ́rùn-ún ọdún. Ó tẹ́ tábìlì fún ọ̀rẹ́ mẹ́rin, ọkùnrin ni gbogbo wọn, wọ́n sì ti kú tipẹ́. James, agbọ́tí rẹ̀, ni ó ń bu ọtí sí ife wọn, òun náà ni ó sì ń mu ún ní orúkọ wọn. Oúnjẹ mẹ́rin, ọtí mẹ́rin, àlejò mẹ́rin: kí òǹkàwé ṣírò rẹ̀. Awọ ẹkùn kan wà nílẹ̀ tòun torí. Ẹsẹ̀ James ń kọ orí náà bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Nígbà tí ó sì kọjá lẹ́ẹ̀kan láìkọ ọ́, ẹnu ya òun pàápàá.

Freddie Frinton ti ṣe James fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí Peter Frankenfeld àti Heinz Dunkhase, ará Jámánì, tó rí i ní Blackpool ní 1962. Ní 1963, òun àti May Warden ṣe é ní Hamburg níwájú òǹwòran, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NDR sì gbà á sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀. Heinz Piper kàn fi èdè Jámánì ṣe àlàyé ṣókí ṣáájú; ìyókù, Gẹ̀ẹ́sì pọ́nńbélé ni. Láti 1972 ni wọ́n ti ń fi í hàn lọ́dọọdún ní ọjọ́ tí ọdún ń parí. Ojú Frinton kò tó èyí: ó kú ní 1968. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ó di 2018 kí tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ tó fi ohun tí a gbà sílẹ̀ ní Hamburg yìí hàn.

Báwo ni eré tí a kò túmọ̀ ṣe wọ àwọn ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀? Àwọn kan lè ní àwọn ará Jámánì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. A kò gbà pé èyí tó. Kí ó tó bu ọtí fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, James a bi ìyá arúgbó náà bóyá bí ti èṣí ni kí àwọn ṣe é. Ìyá a ní bí ti ọdọọdún ni. Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì kan náà ni títí. Bí a bá fi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá ti ń retí rẹ̀. Ní ìparí, ìyá fẹ́ gòkè lọ sùn, James tún bi í ní ìbéèrè náà. Ọ̀rọ̀ kò yí padà. Ibi tí a ti sọ ọ́ ni ó yí padà, òǹwòran sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ tún wo ti Ọ̀gágun ojú omi von Schneider. Orúkọ Jámánì ni. Bí James bá ń mutí ní orúkọ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbá gìgísẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ṣọ́jà, ó sì ń dùn ún. Ó tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ kí ìyá yọ̀ǹda òun. Ọdún 18 péré lẹ́yìn ogun ni àwọn ará Hamburg jókòó tí wọ́n ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ eré náà nínú ìwé nìkan yóò fo ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀dà kúkúrú kan wà tí wọ́n ń fi hàn ní Switzerland. Ẹ̀dà gígùn ni àwa yàn. Ohun tí a bá gé nínú irú eré yìí, àwítúnwí ni a gé, orí àwítúnwí ni ẹ̀rín sì dúró lé.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá wá kọ ọ́ nínú ìdánwò pé ìmúra àti ìrìn Moses Ọláìyá ti pa òun lẹ́rìn-ín kí ó tó la ẹnu, máàkì mélòó ni a ó fún un? Nínú ọ̀pọ̀ ìlànà ìmáàkì tí a ti rí, ‘ìlò èdè’ ni a ń béèrè. A kò fi àyè sílẹ̀ fún gìgísẹ̀.