Ìdí Ìwà Rere: Àgbéyẹ̀wò Èrò Sophie Olúwọlé

Ìfáárà

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń ṣòro fún àwa olùkọ́ èdè Yorùbá láti dáhùn ní kíláàsì: kí ni ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ hùwà rere? Ìdáhùn tí ó sábà máa ń yá wa lẹ́nu kò ju méjì lọ: pé Ọlọ́run kò fẹ́ ìwà búburú, àti pé àwọn àgbà ti pa á lówe. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti wo bí Sophie Bọ́sẹ̀dé Olúwọlé ṣe dáhùn ìbéèrè náà, kí a sì gbé ìdáhùn rẹ̀ lé ìwọ̀n.

Ìgbàrà-Òkè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a bí Olúwọlé sí ní 1935. Yunifásítì Ìbàdàn ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní 1984, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Èkó. Ó di olóògbé ní 2018.

Èrò rẹ̀

Ṣáájú rẹ̀, Bọ́lájí Ìdòwú ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè (1962) pé inú ẹ̀sìn ni ìwà rere Yorùbá ti sú yọ. Olúwọlé kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ tí ó tẹ̀ jáde ní 1984, ó ní àròjinlẹ̀ ni ìpìlẹ̀ èrò Yorùbá nípa ìwà. Èyí kò túmọ̀ sí pé Yorùbá kò bẹ̀rù òrìṣà. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ìbẹ̀rù nìkan kọ́ ni ìdí.

Òwe wa gbè é lẹ́yìn. Ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Kò sí orúkọ òrìṣà kankan nínú òwe yìí, kò sì sí ìhàlẹ̀. Ìrora tí olúkúlùkù mọ̀ lára ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ẹ̀rí. Bákan náà ni agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ní agbo-ilé wa ní Àrẹ̀mọ, bí ìjà bá dé iwájú mọ́gàjí, tọ̀tún-tòsì ni yóò gbọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹjọ́ apá kan kò lè fi òtítọ́ hàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di kókó

Nínú ìwé rẹ̀ Socrates and Orunmila (2014), Olúwọlé fi Ọ̀rúnmìlà wé Socrates ará Gíríìkì. Àwọn méjèèjì kò fi ìwé sílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ni ó gbé ọ̀rọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá pe Socrates ní onímọ̀, àìkọsílẹ̀ nìkan kò tó láti yọ Ọ̀rúnmìlà kúrò. Àwíjàre yìí lágbára, ó sì jẹ́ èsì fún àwọn bí Paulin Hountondji ti orílẹ̀-èdè Benin, tí ó tẹnu mọ́ ìwé kíkọ.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan yọjú. Ìwé Plato kún fún àríyànjiyàn: ẹnì kan sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn takò ó. Nínú ọ̀pọ̀ ẹsẹ Ifá, àbájáde ni ó ń jẹ́rìí: ẹni tí ó gbọ́ rírú ẹbọ rí ire, ẹni tí ó kọtí ọ̀gbọin kàbùkù. Ǹjẹ́ ẹ̀sìn tí Olúwọlé yọ kúrò nídìí ìwà ní 1984 kò tún ti gba ẹnu Ifá wọlé bí?

Lójú tèmi, ó wọlé, àfi bí a bá fi ìlànà Olúwọlé fúnra rẹ̀ yẹ Ifá àti òwe wò. Ìdí tí ọ̀rọ̀ ní ni kí a wò. Kí a má wo ẹnu tí ó ti jáde. Àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu àgbà nìkan ni ẹ̀rí, òwe yìí ìbá sọ èké di ohun àmúyangàn. Àròjinlẹ̀ ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ìròyìn ni, kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Ohun tí ó kàn wá

Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ fún mi pé àwọn tí ó jíwèé wò nínú ìdánwò ti wọ yunifásítì, Ọlọ́run kò sì mú wọn. Ẹni tí ó gbé ìwà rere lé ìbẹ̀rù nìkan kò ní èsì fún ọmọ yìí. Òwe ọmọ ẹyẹ ní: ìwọ tí o kàwé mọ́jú, báwo ni yóò ti rí lára rẹ bí ẹni tí kò kàwé bá gba ipò rẹ? Dókítà tí ó jíwèé wò ńkọ́, ṣé wàá jẹ́ kí ó gún ọ lábẹ́rẹ́?

Síbẹ̀, “parí òwe yìí” ni a ń bi wọ́n nínú ìdánwò. Ọmọ mọ ìparí òwe, kò mọ ìdí rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Olúwọlé kò yanjú gbogbo ìṣòro tí ó dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀nà hàn wá. Kí àwa olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: kí ni ìdí òwe yìí, níbo ni kò ti múlẹ̀, òwe wo ni ó takò ó? Èyí tí ó bá kógo já ni kí a fi lé ọmọ lọ́wọ́.